Ariwo abẹ́ òkun ń lé ẹja sá: Kí ló kan ẹni tó ń ta pánla?

Bí èèyàn bá bi àwọn ìyá tó ń ta pánla lọ́jà léèrè ìdí tí ọjà wọn fi wọ́n, dọ́là ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á dárúkọ owó ibodè, owó mọ́tò àti owó ṣọ́ọ̀bù. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kí ẹja tó di ohun tí à ń fi náírà rà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó sínú àwọ̀n ẹnì kan. Bí apẹja bá ju àwọ̀n sómi tí kò rí nǹkan kan fà jáde, kò sí ohun tí báńkì tàbí ibodè lè ṣe sí i. Ọ̀kan lára ohun tó máa ń mú kí àwọ̀n apẹja ṣófo, tí a kì í sì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀, ni ariwo. Kì í ṣe ariwo orí ilẹ̀ là ń wí o, ariwo abẹ́ omi ni.

Lóde òní, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ka ariwo mọ́ ara ohun tó ń ba òkun jẹ́, bí epo rọ̀bì tó dànù àti ọ̀rá tí wọ́n ń dà sómi. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé epo hàn sójú, ọ̀rá náà hàn sójú, ṣùgbọ́n ojú kò rí ariwo. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwa tí à ń fi ẹja ṣòwò, yálà pánla ni o, yálà ẹja inú páálí tàbí ẹja tútù láti etí òkun, mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, ẹni tó ń pàdánù níbẹ̀, àti ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe sí i.

Òkun kì í ṣe ibi tó dákẹ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé abẹ́ omi pa rọ́rọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sí, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi òkun, nǹkan bíi mítà 1,500 ló ń rìn láàárín àkókò kan náà. Ìyẹn ni pé ó yá ju ti inú afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀, ó sì máa ń lọ jìnnà gan-an kó tó kú. Ìmọ́lẹ̀ kò lè ṣe irú rẹ̀. Bí èèyàn bá fi lè sọ̀kalẹ̀ tó 200 mítà sínú òkun, ìmọ́lẹ̀ oòrùn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Nítorí náà, etí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dá inú òkun fi ń ríran. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọ̀tá ń bọ̀, pé oúnjẹ wà nítòsí, tàbí pé akọ ń pe abo.

Ẹ má ṣe sọ pé ẹja kò létí. Ẹni tó bá ti jẹ orí ẹja tí wọ́n ń pè ní croaker rí, á ti rí òkúta funfun méjì tó máa ń wà nínú rẹ̀. Òkúta etí rẹ̀ nìyẹn. Bí ìró bá dé, ara ẹja á bá omi mì, ṣùgbọ́n òkúta yìí wúwo ju ara lọ, kì í bá a mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹja fi ń gbọ́ràn. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ẹja ní àpò afẹ́fẹ́ nínú ikùn, àpò yìí sì máa ń ran etí àwọn kan lọ́wọ́ láti gbọ́ ìró dáadáa sí i.

Ẹja cod, tí wọ́n fi ń ṣe pánla, wà lára àwọn tó ní àpò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àsìkò àtibímọ wọn bá tó, akọ cod máa ń fi iṣan ara rẹ̀ lu àpò náà bí ẹni ń lu ìlù, kí abo lè gbọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ni, kì í ṣe ohùn òkè. Ibi tí wàhálà ti wá wà ni pé irú ohùn ìsàlẹ̀ yìí gan-an ni ọkọ̀ òkun ńláńlá ń mú jáde. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá, ó dà bí ìgbà tí èèyàn méjì ń sọ̀rọ̀ tí ẹnì kan wá tan jẹnẹrétọ̀ sáàárín wọn.

Ibi tí ariwo náà ti ń wá

Ọ̀nà mẹ́rin pàtàkì ló ń gbà wọ inú òkun.

Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ tó ń kó ẹrù. Bí pùròpẹ́là, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ síwájú, bá ń yí kíákíá, ìfófó kéékèèké á máa jáde lára rẹ̀. Bí àwọn ìfófó náà ṣe ń bẹ́ ni wọ́n ń pariwo. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wọn ariwo inú òkun nítòsí California, ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1964 sí 1966. Nígbà tí àwọn mìíràn padà lọ wọ̀n ọ́n níbẹ̀ ní ọdún 2003 sí 2004, wọ́n rí i pé ohùn ìsàlẹ̀ tó wà níbẹ̀ ti fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10 sí 12 lé sí i. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10 lè dà bí ohun kékeré létí, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé agbára ìró náà ti di ìlọ́po 10. Ọkọ̀ tó pọ̀ sí i, tó sì tóbi sí i, ni wọ́n sọ pé ó fà á.

Ìkejì ni iṣẹ́ wíwá epo rọ̀bì. Ilé iṣẹ́ epo kì í dédé gbẹ́ kànga sínú òkun. Wọ́n á kọ́kọ́ rán ọkọ̀ kan jáde, tó ń wọ́ ìbọn afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Ìbọn yìí kò ní ọta. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti kì mọ́nú rẹ̀ gidigidi ló ń tú jáde lójijì, tó sì ń dún bí àrá. Ìró náà á wọ inú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ òkun lọ, á sì ta padà, kọ̀ǹpútà á wá fi bó ṣe ta padà mọ ibi tí epo lè wà. Ọkọ̀ náà lè máa yìn ín ní bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí ara wọn, tọ̀sán-tòru, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ìkẹta ni òpó irin ńláńlá tí wọ́n ń gbá mọ́ ilẹ̀ òkun láti fi kọ́ èbúté, tàbí láti fi gbé àwọn ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná dúró. Ìkẹrin ni ẹ̀rọ sonar tí àwọn ọmọ ogun ojú omi fi ń wá ọkọ̀ ọ̀tá lábẹ́ omi.

Ohun tójú apẹja Nọ́wè rí

Ẹ jẹ́ ká lọ sí orílẹ̀-èdè Nọ́wè, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ojúlówó pánla gbígbẹ, èyí tí àwọn ará ilẹ̀ Ìgbò ń pè ní okporoko, ti ń wá. Ẹja yìnyín inú páálí tí àwọn èèyàn tún ń pè ní pánla, ẹja mìíràn nìyẹn, orúkọ ló bá a jẹ́. Inú Òkun Barents, ní òkè pátápátá níbi tí òtútù wà, ni ẹja cod tí à ń sọ yìí ń gbé. Bó bá ti di oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹrin, àwọn tó ti dàgbà nínú wọn á rìn lọ sí erékùṣù Lofoten láti yé ẹyin. Ibẹ̀ ni àwọn apẹja ti ń dúró dè wọ́n. Wọ́n á gé orí wọn, wọ́n á kó ìfun wọn jáde, wọ́n á so wọ́n ní méjì-méjì nídìí ìrù, wọ́n á sì fi wọ́n kọ́ sórí igi láìfi iyọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ tútù ló máa gbẹ wọ́n. Orí tí wọ́n gé náà kò ṣòfò, wọ́n ń sá a, Nàìjíríà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń bọ̀.

Òkun Barents yìí kan náà ni wọ́n ti ń wá epo. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Nọ́wè pinnu láti mọ ohun tí ìbọn afẹ́fẹ́ ń ṣe sí ẹja. Wọ́n lọ sí ibi kan tí ẹja cod àti haddock pọ̀ sí. Ọjọ́ 7 ni wọ́n kọ́kọ́ fi pẹja níbẹ̀ láìsí ariwo kankan, wọ́n sì ń kọ iye tí wọ́n pa sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá yìnbọn afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ 5, tí wọ́n ń pẹja lọ. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ ìbọn dúró, wọ́n tún fi ọjọ́ 5 mìíràn pẹja.

Ohun tí wọ́n rí nìyí. Látìgbà tí ìbọn ti bẹ̀rẹ̀, ẹja tí ọkọ̀ ń fi àwọ̀n ńlá wọ́ já sí nǹkan bí ìdajì. Láàárín ibi tí ìbọn ti ń dún gan-an, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ló lọ. Kódà, ní ibi tó jìnnà tó máìlì orí omi 18, ìyẹn bíi kìlómítà 33, ẹja tí wọ́n ń rí ti dín kù. Àwọn ẹja ńlá, tó gùn ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ni wọ́n pàdánù jù. Fún gbogbo ọjọ́ 5 tí wọ́n sì fi dúró lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́, ẹja náà kò tíì padà tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú oníṣòwò wò ó. Apẹja tó máa ń rí agbọ̀n 100 kó wálé tẹ́lẹ̀, tó wá di 50, owó epo rẹ̀ kò tìtorí ìyẹn di ìdajì. Oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò dín, yìnyín tó rà kò dín, gbèsè tó jẹ lórí ọkọ̀ náà kò dín. Owó tó ń wọlé nìkan ló dín. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣòwò rí mọ̀ pé bí owó tó ń jáde kò bá dín, tí èyí tó ń wọlé wá já sí ìdajì, èrè ni yóò kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni owó ìdókòwò.

Gbogbo ẹja kọ́ ló ń sá bákan náà

Ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀yìn o. Ní ọdún 2009, ìjọba Nọ́wè fi ìbọn afẹ́fẹ́ yẹ abẹ́ òkun wò ní agbègbè Vesterålen, tí kò jìnnà sí Lofoten. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tún tẹ̀ lé wọn láti wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó ń fi okùn gígùn tí ìwọ̀ púpọ̀ wà lára rẹ̀ pa ẹja haddock rí i pé ẹja wọn dín kù. Ṣùgbọ́n àwọn tó ta àwọ̀n dúró sójú kan rí ẹja oríṣi kan tàbí méjì pa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó lè ya èèyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n àlàyé tí wọ́n ṣe sí i rọrùn. Ẹja tí ẹ̀rù bá ń bà á kì í dúró sójú kan, bó bá sì ti ń sáré kiri, ó lè lọ kó sínú àwọ̀n tó wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kì í wá oúnjẹ, tí kò bá sì wá oúnjẹ, kò ní gbé ìwọ̀ mì. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ariwo kan náà lè jẹ́ àdánù fún ẹnì kan, kó jẹ́ èrè ọjọ́ díẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé gbogbo ìbọn afẹ́fẹ́ ló ń lé gbogbo ẹja lọ, àsọdùn ló ṣe. Ẹni tó bá sì ní kò ṣe ẹja ní nǹkan kan, irọ́ ló pa.

Kì í ṣe ẹja nìkan

Àbùùbùtán, tó tóbi ju gbogbo ẹ̀dá lọ, náà ń jìyà rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2000, àbùùbùtán àti ẹbí wọn 17 gbé ara wọn sórí iyanrìn ní erékùṣù Bahamas, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà lo sonar nítòsí. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fúnra wọn wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀, wọ́n sì gbà pé ó jọ pé sonar náà ló fà á.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, lẹ́yìn ìkọlù tó wáyé ní New York, ọkọ̀ tó ń rìn lójú omi Bay of Fundy, ní Kánádà, dín kù fún ìgbà díẹ̀. Ariwo abẹ́ omi ibẹ̀ fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 lọ sílẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ìgbẹ́ àbùùbùtán wò níbẹ̀ rí i pé àmì ìnira tó máa ń wà nínú rẹ̀ dín kù ní àsìkò yẹn. Bí ariwo ṣe lọ sílẹ̀ ni ara tù wọ́n.

Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ọsirélíà jábọ̀ pé ìbọn afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo pa lára àwọn ẹ̀dá wíńníwínní tó ń léfòó nínú omi, títí dé ibi tó jìnnà tó kìlómítà 1.2. Àwọn ẹ̀dá wíńníwínní yìí ni àwọn ọmọ ẹja ń jẹ. Ẹni tó bá ba oúnjẹ ọmọ ẹja jẹ́ lónìí, ọjà ọ̀la ló ń bà jẹ́.

Ta ló ń san owó rẹ̀?

Ilé iṣẹ́ epo ń jèrè epo, ọkọ̀ ẹrù ń jèrè ẹrù, ṣùgbọ́n apẹja tí kò sí nídìí méjèèjì ni ẹja ń sá fún. Ní Nọ́wè, wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin epo rọ̀bì wọn ti ọdún 1996 ní orí kan tó dá lórí owó gbà-má-bínú fún àwọn apẹja. Bí iṣẹ́ epo bá gba ibi tí wọ́n ti ń pẹja mọ́ wọn lọ́wọ́, pátápátá tàbí lápá kan, ìjọba gbọ́dọ̀ san owó fún àdánù tó bá wọn. Ọkọ̀ tó ń fi ìró wá epo sì gbọ́dọ̀ gbé ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹja pípa dání bí àwọn apẹja bá ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè náà. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ máa ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí àsìkò tí kò yẹ kí wọ́n yìnbọn, pàápàá nígbà tí ẹja bá ń yé ẹyin.

Àwọn mìíràn náà ti ń gbìyànjú. Ní Jámánì, bí wọ́n bá ń gbá òpó irin mọ́ ilẹ̀ òkun, ariwo náà kò gbọ́dọ̀ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 160, bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n lábẹ́ omi, ní mítà 750 sí ibi iṣẹ́. Wọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ sómi yí ibi iṣẹ́ ká, kí ìfófó tó ń ru sókè lè di ògiri tó ń gba ìró dúró. Èbúté Vancouver, ní Kánádà, lo ọgbọ́n oníṣòwò ní tirẹ̀: láti ọdún 2017, ọkọ̀ tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀ lè rí ẹ̀dínwó gbà lórí owó èbúté. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ pé kí wọ́n dín eré kù ní ọ̀nà tí àwọn àbùùbùtán ibẹ̀ ń gbà, nítorí ọkọ̀ tó bá rọra ń lọ kì í pariwo tó èyí tó ń sáré. Àjọ tó ń bójú tó ìrìn ọkọ̀ òkun lágbàáyé, IMO, gbé ìlànà jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2014, wọ́n sì tún un ṣe ní 2023. Ìmọ̀ràn ni o, kì í ṣe òfin tó kan dandan.

Kí ló kan wa níbí?

Ohun tó bá ojú ti bá imú. Àkọ́kọ́, ẹni tó ń ta pánla gbọ́dọ̀ mọ̀ pé iye ẹja tí wọ́n bá pa ní Òkun Barents ni orísun ọjà rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tàn wá pé ariwo nìkan ló ń mú kó wọ́n. Nọ́wè àti Rọ́ṣíà jọ ń fẹnu kò lórí iye cod tí wọ́n lè pa lọ́dún. Tọ́ọ̀nù 340,000 ni wọ́n fi ti ọdún 2025 sí, èyí tó kéré jù láti ọdún 1991 títí di ìgbà náà, nítorí pé ẹja náà ti dín kù. Bí ẹja bá ti wá kéré báyìí, ohun yòówù tó bá tún ń dí apẹja lọ́wọ́ á máa hàn sí i. Oníṣòwò tó bá ń gbọ́ iye tí wọ́n fi sí lọ́dọọdún á mọ ìgbà tó yẹ kó tètè ra ọjà pamọ́.

Ìkejì ni ti àwọn apẹja wa, láti Badagry dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, àti àwọn tó ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ epo ń lọ nínú òkun tiwa náà. Bonga, tó jìnnà tó nǹkan bíi kìlómítà 120 sí etíkun, ti ń mú epo jáde láti ọdún 2005. Ìwádìí ti Nọ́wè fi hàn pé ohun tó fún ọ̀rọ̀ apẹja lágbára ni àkọsílẹ̀: iye tí wọ́n pa kí ariwo tó dé, iye tí wọ́n pa nígbà tó ń dún, àti iye tí wọ́n pa lẹ́yìn rẹ̀. Láìsí èyí àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó lè fi méjì yòókù jẹ́rìí. Ìwé kékeré kan àti bírò ti tó. Kí ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ lọ, irú àwọ̀n tí ẹ lò, iye agbọ̀n tí ẹ rí àti owó epo tí ẹ rà. Bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, ọ̀rọ̀ wọn á wúwo ju ti ẹgbẹ́ tó kàn ń sọ pé ẹja kò sí mọ́.

Ìkẹta, òfin wà tí ẹ lè dì mú. Òfin Nàìjíríà tó jáde ní ọdún 1992 lórí yíyẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá máa ní lórí àyíká wò, ka ṣíṣí ibi tí wọ́n ti ń wa epo àti gáàsì mọ́ iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ní ìwádìí kó tó bẹ̀rẹ̀. Òfin náà sì fún àwọn aráàlú láyè láti sọ tẹnu wọn. Bí wọ́n bá gbé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wá sí agbègbè yín, ẹ bèèrè bóyá wọ́n máa yìnbọn afẹ́fẹ́, oṣù wo ni, àti pé ṣé oṣù náà kò bọ́ sí àsìkò tí ẹja ń yé ẹyin. Ẹ ní kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ fún yín, kí ẹ sì fi í pamọ́ pẹ̀lú ìwé ẹja yín.